Orin Tí Bàbá Mi Fi Ń Hun Aṣọ Ìgbéyàwó Mi

Orin tí bàbá mi fẹ́ràn jù lọ báyìí, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni... nínú ilé wa, èmi nìkan ni mo sì mọ̀. Mo ti gbé e sínú títí, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín, bóyá ẹ ó lè bá mi wá ọ̀nà àbáyọ.

Ìsẹ́yìn ni mo wà, tíṣà ni mí. Mùsùlùmí ni wá nílé, ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ni mo lọ, bàbá mi sì ń hun aṣọ òfì. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Délé, ọmọ Ṣakí ni, ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Délé fúnra rẹ̀ ò ṣe ẹ̀sìn kankan, ó ti sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà láàárín ẹbí méjèèjì... àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ní yìgì, ìgbà tó yá ni àwọn àgbà fẹnu kò pé kọ́ọ̀tù ni ká lọ, ká wá ṣe ayẹyẹ ní họ́ọ̀lù, kí ááfà má wàásù, kí pásítọ̀ má gbàdúrà, kí kálukú bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, àwọn á dìde, àwọn á máa lọ sílé, kí n má sì wá àwọn wá mọ́. Ẹ má rò pé wọ́n ń halẹ̀ lásán o. Àbúrò wọn kan ṣoṣo lọ ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní kékeré, orin ló fa ọkàn ọmọ náà lọ, orúkọ mìíràn ló gbé wálé, bàbá mi ò sì bá a jẹun pọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ó wá ku orin. Ẹ bá mi wò ó, eléré Yorùbá wo la fẹ́ pè tí kò ní dárúkọ Ọlọ́run kí orin tó gbóná? Oníwákà á ki Ànábì, oníjùjú á fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀... Délé ló ní ká lo orin òyìnbó aláìlọ́rọ̀, èyí tí wọ́n ń fi gòjé àti fèrè ṣe. Ó kó rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àti giramafóònù oníbátìrì wá sílé wa, ó ní kí n ṣa èyí tó bá láyọ̀ nínú. Ayọ̀ kẹ̀? Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé sí i, ìyá mi sáré jáde pé ta ló kú, ará ilé kejì ní ṣé àwọn ṣọ́jà tún ti gbàjọba ni, torí irú orin bẹ́ẹ̀ ni rédíò máa ń kọ kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ burúkú. Mo gbé e kúrò, mo gbé òmíràn sí i, mo tún gbé ìyẹn náà kúrò... àfi ẹyọ kan. Ìyẹn rọra bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá, gòjé àti fèrè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi kàn ń dùn ṣáá, mi ò mọ ìdí. Bàbá mi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Wọ́n ní èyí gan-an ni kó máa kọ nígbà tí àwọn bá ń fà mí lọ́wọ́ wọ họ́ọ̀lù.

Délé fi giramafóònù sílẹ̀ fún wọn. Aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ náà ni bàbá mi ń hun, orin yìí ni wọ́n sì fi ń hun ún, bí wọ́n ṣe ń tẹsẹ̀ mọ́ òfì ni wọ́n ń súfèé rẹ̀, àwọn ahunṣọ tó kù lábẹ́ àtíbàbà náà ti ń bá wọn súfèé.

Ìgbà tí mo lọ kí ìyá Délé ní Ṣakí ni ojú mi là. Mò ń bá wọn rẹ́ ilá, orin náà kàn bọ́ sí mi lẹ́nu, mò ń kùn ún... ni wọ́n bá gbà á lẹ́nu mi láti ìdí ààrò, tòun tọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá, Jésù wà níbẹ̀, ẹsẹ kan ń tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá dì mọ́ mi, omi ti lé sójú wọn, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé Olúwa á ṣe é. Ta ló kọ́ ọ?” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó mi sí wàhálà, torí wọ́n gbà pé mo ti di tiwọn ní kọ̀rọ̀, wọ́n bi mí bóyá orin náà á wáyé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹgbẹ́ akọrin wọn ń bọ̀ wá bá wa ṣe é o... ṣé ẹ rò pé àwọn obìnrin yẹn á gbọ́ orin náà kí wọ́n panu mọ́?

Mo bi Délé. Ó ní òun mọ̀. Ó mọ̀... Ó ní orin náà ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó fi ọ̀rọ̀ sí i, pé orin ayọ̀ lásán ni, pé òun fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣà á, ṣùgbọ́n nígbà tí òun rí ojú bàbá mi, òun ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo bínú sí i gan-an. Àmọ́ ṣé kì í ṣe ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn?

Èyí tó tì mí lójú jù nìyí. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí páànù ilé adìyẹ lọ́sàn-án gangan, ẹ sì mọ oòrùn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn... mo fẹ́ kó tẹ̀, kí n lè sọ pé ó ti bàjẹ́, ká wá òmíràn. Bàbá mi ló rí i. Wọn ò bá mi wí, wọ́n rò pé mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wá fi àjákù òfì wé e, inú àpótí tí wọ́n ń tọ́jú Kùránì wọn sí ni wọ́n gbé e sí. Ẹ gbọ́ o, inú àpótí Kùránì. Ó wọ́ létí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ dáadáa.

Ṣé kí n sọ fún bàbá mi ni? Wọ́n á ní Délé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ṣe fi orin gba àbúrò àwọn náà ni wọ́n tún fẹ́ fi gba ọmọ àwọn. Ṣé kí n bẹ ìyá Délé pé kí wọ́n má kọ ọ́? Wọ́n á mọ̀ pé mo purọ́ fún àwọn pẹ̀lú omi lójú àwọn. Ṣé kí n fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà? Pẹ̀lú ọwọ́ wo?

Lánàá bàbá mi pè mí sídìí òfì. Wọ́n ní orin tó dùn tó báyìí kò yẹ kó wà láìlọ́rọ̀, àwọn ti rí ọ̀rọ̀ fi sí i. Wọ́n súfèé díẹ̀, wọ́n wá la ẹnu... oríkì mi ni. Oríkì tí ìyá wọn fi máa ń jí mi ní kékeré, wọ́n tò ó sínú orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní àwọn á kọ ọ́ sókè lọ́jọ́ náà bí àwọn bá ń fà mí wọlé, kí n má sunkún o. Mo ti sunkún. Aṣọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Họ́ọ̀lù kan náà, orin kan náà, bàbá mi á la ẹnu pẹ̀lú oríkì mi, ìyá ọkọ mi á la ẹnu pẹ̀lú Jésù... ẹ̀yin ará, kí n sọ fún bàbá mi kí wọ́n tó gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n kọ oríkì mi tán ná?

Ọmọ Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn