Àwo Àádọ́ta Eyín àti Òkè Ọ̀mù-Àrán

Lubabah ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyà jẹ ọ ní Èkó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá rẹ. Ara mi le díẹ̀, àfi orúnkún. Ìyá rẹ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán, kò sì jẹ oúnjẹ kankan àfi èyí tí mo bá gbé lọ láti Àrándùn níbí.

Kẹ̀kẹ́ tó o ní kí n máa fi gbé oúnjẹ náà lọ ti dé, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ pa mí. O mọ̀ pé ọdún méjìdínlógójì ni mo fi tún kẹ̀kẹ́ ṣe, nítorí náà mo fọ̀ ọ́, mo sì ka eyín rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́, àwo eléyín kan ní iwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣéènì kò níbòmíràn tí yóò lọ. Tìrẹ yìí, méjì ní iwájú, mọ́kànlá lẹ́yìn. Ńlá iwájú ní àádọ́ta eyín, kékeré ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí ṣéènì bá wà lórí ńlá iwájú àti èyí tó kéré jù lẹ́yìn, tí mo yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Bó bá wà lórí kékeré iwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni táyà á yí. Èrè wo ló wà nínú ìyẹn?

Bí a ṣe ń pín ẹran Iléyá ni mo ṣe pín in: ńlá iwájú fún èmi tí mo jẹ́ àgbà, kékeré fún àwọn ọmọ rẹ nígbà tí ẹ bá wá kí wa. N kò fọwọ́ kan ìpín wọn.

Ọmọ mi, òkè ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán kò mọ àgbà. Kí n tó gùn ún dé ìdajì, pẹ́dà á dúró gbọin, màá sọ̀kalẹ̀, màá máa tì í. Oyèyẹmí ọlọ́kadà àdúgbò wa rí mi lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ní ṣé èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ àbí kẹ̀kẹ́ ló gùn mí. Ó ní kí n gbé ṣéènì bọ́ sórí kékeré, pé yóò fúyẹ́. Mo ní kó kọjú mọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Àgbà tó bá jẹ ìpín ọmọdé, ojú wo ni yóò fi wo ènìyàn nílùú yìí?

Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni mo dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Lánàá, nọ́ọ̀sì Ṣàkírátù ṣàánú mi, ó jẹ́ kí n wọlé. Ìyá rẹ wo bàtà mi tí eruku ọ̀nà ti bò, ó ní, "Bàbá Lubabah, ẹ má wá mọ́." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò lé mi rí.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kí o sì bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún ọ bóyá wọ́n ní àwo tó ní ọgọ́ta eyín. Ó dá mi lójú báyìí pé àádọ́ta ló kéré jù fún òkè yẹn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulkadir, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Àrándùn.