Ẹ̀yinná Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Bàbá Ẹ

Toheebat,

Tó o bá ti dé, má jókòó. Mò ń gbé bàbá ẹ lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò, mọ́tò Bàbá Ògúnníyì la wọ̀.

Mò ń ro ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí, bàbá ẹ jókòó tì mí, wọ́n ń yáná. Wọ́n bi mí pé, "Ìyá Toheebat, kí ló ń jóná?" Mo yẹ ìkòkò wò, kò jóná. Àṣé ẹsẹ̀ wọn ni. Gìgísẹ̀ wọn wà lórí ẹ̀yinná, wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Nígbà tí mo ké, wọ́n ní kí ló dé.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn kú, tí a ní àárẹ̀ oko ni. Ìtọ̀ ṣúgà yẹn ni.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ. Látìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, ẹni tó ń bá wa ra oògùn bàbá ẹ ní Kétu ò rọ́nà kọjá mọ́. Mo wá a káàkiri Ìlárá, mi ò rí i. Ni mo bá ń gé èyí tó kù sí méjì fún wọn. Ojú wọn ò ríran tó láti mọ̀.

Ìdajì tó ṣẹ́kù wà nínú àpótí mi. Mú un wá sí ọsibítù kí dókítà rí i. Má sọ fún bàbá ẹ, èmi ni màá sọ ọ́.

Wọ́n ti wà nínú mọ́tò. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tètè rí iná náà.

Màmá ẹ