Owó Ọjọ́ Ogbó Orrin

Sátidé, 9 Oṣù Kejì, 2019

Mo fi ìwé owó orí wa ránṣẹ́ lónìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Orrin ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là sínú àpamọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún ọdún tó kọjá, kí owó orí wa lè dín. Kò tíì fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Òfin gbà á, bí owó bá ṣáà ti wọ báǹkì, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin. Má-kánjú — orúkọ tí mo ń pe Orrin ọkọ mi láti ọdún tí a fẹ́ra — kì í lọ títí yóò fi ku ọjọ́ mẹ́ta. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. A jọ ń lọ ni. Lẹ́yìn náà, páì ápù ni, ní ilé oúnjẹ tó wà ní òdìkejì títì.

Ó wo ìwé náà lórí ibùsùn. Ó ní ọjọ́ ogbó ta ni mo ń tọ́jú owó fún. Mo ní tìrẹ ni, arúgbó. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Jẹjẹrẹ. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Mi ò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kejì

Ìjọba ti dá owó orí tí a san lé padà fún wa. Yìnyín ga dé ojú fèrèsé. Orrin ní kí n lọ báǹkì lọ́la. Mo ní ọjọ́ ṣì pọ̀.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

Marit, nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀, gbé àga onítáyà wá. Inú mi dùn! Mo ní a ó fi lọ sí báǹkì. Ó kàn wò mí. Ojú àánú yẹn — mo kórìíra rẹ̀.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹta

A jà. Ó ní kí n lọ san owó yẹn nígbà tí òun ṣì wà láyé, ṣebí tí òun bá lọ, èmi ni mo ni ín. Mo ní mi ò dá lọ rí. Ó ní, "Arlys, ìwọ tí ò ń pè mí ní Má-kánjú, ta ló wá ń falẹ̀ báyìí?"

Mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá dá lọ, mo ti gbà nìyẹn pé kò ní lọ mọ́.

Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Kò jẹun.

Sátidé, 6 Oṣù Kẹrin

Ó jẹ ṣíbí páì méjì! Ó ní a ti rú òfin — a kì í jẹ páì kí a tó dé báǹkì. Mo kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà: Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá, báǹkì, èmi àti Orrin. Àga onítáyà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹrin

Orrin kú láàárọ̀ yìí.

Ajé, 15 Oṣù Kẹrin

A sin ín níjẹta. Lónìí mo dá lọ.

Kendra ló wà lórí káńtà, ọmọ tó ń gba owó wa lọ́dọọdún. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ̀yin nìkan? Bàbá ti jókòó ti páì ná?" Mo sọ fún un. Ó sunkún, ó dì mí mú. Ó wá rọra ti owó náà padà sí mi. Àpamọ́ ẹni tó ti kú kì í gba owó tuntun, ó ní, bí ọjọ́ tí òfin dá kò tilẹ̀ tíì kọjá. "Ká ní ẹ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, mà..."

A fẹ̀sọ̀ mú un. Ó bàjẹ́.

Mo ní láti tún ìwé owó orí kọ, kí n sọ fún ìjọba pé Orrin kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọjọ́ ogbó. Ó wà níwájú mi lórí tábìlì. Nísàlẹ̀, wọ́n béèrè ìdí tí mo fi ń yí i padà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀: Mo ń dúró dè é kí a lè jọ lọ.