Ìyàwó Tó Pọn Ọkọ Rẹ̀ Gba Orí Afárá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Alájọṣe,
                                        Mówè,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ayọ̀níkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni gbogbo ilé ní Àkúrẹ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn déédéé, àbí ó ṣì di ìgbà tí o bá bínú? Mo gbọ́ pé Dáraolúwa ti wọ yunifásítì. Inú mi dùn gan-an. Bí àná ló rí lójú mi tí o fà mí lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, tí o sọ fún mi pé o ti lóyún rẹ̀. Ní tèmi, ara le, a dúpẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń mú kúrò.

O bi mí lọ́jọ́sí bóyá òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé nítorí fọ́tò tí mo yà. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ lórí fóònù, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn àwọn òjò tó lágbára yẹn, olóòtú wa ní kí n lọ wo afárá kan ní ìgbèríko Ifọ̀ tí omi ti gbé àárín rẹ̀ lọ. O rántí pé àwa mẹ́jọ là ń ya fọ́tò níléeṣẹ́ yẹn nígbà tìrẹ. Èmi nìkan ló kù. Fóònù ọwọ́ àwọn tó ń kọjá lójú títì ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù. Mo wọkọ̀ dé Bágà, mo gba Òkè-Aró lọ, mo gun ọ̀kadà láti Ifọ̀ wọ inú àdúgbò náà. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ lórí pákó méjì tí wọ́n fi dí ojú ihò afárá náà. Ọkùnrin ló pọ̀n. Ó fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn bí ẹní pọn ọmọ, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kan ń mì dirodiro, omi sì ń hó lábẹ́ wọn. Mo tẹ kámẹ́rà, mo sáré lọ dì wọ́n mú ní ìkángun pákó.

Fàúsátù lorúkọ obìnrin náà, télọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀, Mùíbì, jórinjórin ni. Ọkùnrin náà já sínú ihò yẹn bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ọkọ̀ kankan ò lè kọjá, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti jáde lọ, ni Fàúsátù bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó gùn ún, kóun gbé e kọjá síbi tí ọkọ̀ wà.

A gbé fọ́tò náà jáde, ó rìn káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan kọ ọ́ sórí Fesibúúkù pé AI ni, ẹ̀rọ ló yà á. Ó ní ìyàwó wo ló ń pọn ọkọ ní Nàìjíríà yìí? Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ Fàúsátù, wọ́n ní mẹ́fà ni. Etí ọ̀já ni wọ́n kà mọ́ ọn. Inú àwọn tí iṣẹ́ afárá náà wà lọ́rùn wọn dùn. Àwọn náà ní kò sí ihò kankan tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iléeṣẹ́ wa ti tọrọ àforíjì. Wọn ò tilẹ̀ bi mí léèrè.

Mo gbé kámẹ́rà lọ bá olóòtú, mo fi èyí tí mo yà ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e hàn án. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa wá wo inú kámẹ́rà mi? Kí n lọ mú àwọn èèyàn náà wá sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo ti mọ òwe yẹn tipẹ́, mi ò mọ̀ pé èmi ni màá ru ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Mo padà lọ. Fàúsátù ti múra, ó ti wé gèlè. Mùíbì ló ní òun ò ní sọ nǹkan kan. Nígbà tí fọ́tò yẹn kọ́kọ́ jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ ẹ̀yìn Fàúsátù. Ọjọ́ tí ariwo AI ta ni wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é nírọ́. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí n lè gbójú sókè."

Ìyàwó rẹ̀ tú gèlè, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi ni mò ń wá lọ, Mùíbì náà ń wá tirẹ̀. Mo kí wọn, mo wá sílé. Olóòtú ní kí n lọ sinmi ná.

Mo sinmi, bí wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ìgbà tó yá, Mùíbì pè mí fúnra rẹ̀. Ìyá Àbdùlsàmàd, aládùúgbò wọn, ti já sínú ihò kan náà tòun ti ẹrù orí rẹ̀, apá rẹ̀ kán, díẹ̀ ló kù kí omi gbé e lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá lẹ́bàá fèrèsé àwọn, Fàúsátù kàn wo òun ni.

Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, Àǹtí. Ẹ mú fóònù dání o, wọn ò gba kámẹ́rà yín gbọ́."

Wọ́n gbé àga fún un sí ẹsẹ̀ afárá, P.O.P. wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn. Mo gbé fóònù sókè. Ó ní: "Èmi ni Mùíbì, jórinjórin. Ìyàwó mi ló pọ̀n mí kọjá níbí. Ẹ̀rọ kọ́ ló yà wá. Ẹ wá wo ihò tí mo já sí." Ó tán síbẹ̀.

A gbé fídíò náà jáde. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, típà ti já iyanrìn sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ni iṣẹ́ afárá náà dé akoto wá, wọ́n mú ayàwòrán tiwọn dání. Wọn ò pe Mùíbì. Kò sì sẹ́ni tó tọrọ àforíjì fún àforíjì àkọ́kọ́ yẹn. Olóòtú ní kí n máa padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n fídíò fóònù ni kí n máa mú wá. Màá lọ, Ayọ̀níkẹ́. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀? Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tiwa, tí a bá ti gbé fọ́tò jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń rojọ́ ara rẹ̀, àwa a lọ sùn. Lóde òní, ó ti di ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí kiri.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí afárá, mo lọ kí wọn. Mùíbì ní kí n gbé kámẹ́rà jáde. Mo rò pé ó fẹ́ dìde dúró kí n ya òun ni.

Ó ní, "Òun nìkan ni kí ẹ yà. Èmi ti wọ fọ́tò tó."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín Fàúsátù. Ó lọ bọ́jú, ó gbàgbé okùn ìwọnṣọ sọ́rùn, ó wá dúró tààrà níwájú mi. Ọkọ rẹ̀ ń sọ fún un láti orí àga pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Olóòtú ti gbọ́, ó sì ti béèrè fọ́tò náà. Mo sọ fún un pé ti ìdílé ni. Mo fi fírémù sí i, mo gbé e lọ fún wọn. Mùíbì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́; ó jókòó sórí tábìlì, ó na ẹsẹ̀ tó kán sílẹ̀, ó sì kan ìṣó mọ́ ògiri fúnra rẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún Dáraolúwa pé àǹtí rẹ̀ ní kó kàwé, kó má ṣe gbé kámẹ́rà. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                        Nàfísàt.