Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ̀ ní Dubai Nítorí Ẹjọ́ Rẹ

Ilé Lateefat,
Ẹ̀yìn Rolla, Sharjah.
Ọjọ́ Jímọ̀, oṣù kẹwàá, 1997.

Rasheed ọmọ mi, Àkànní,

Mo kí ọ kú òtútù ibẹ̀, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Àmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ tí mo mọ ojú rẹ̀ nínú fọ́tò nìkan. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ọlọ́run Ọba yóò dá yín sí fún mi, ìlẹ̀kùn tí ẹ bá kàn yóò ṣí, ẹni tó bá ní kí ẹ kó ẹrù yín kúrò, ẹrù tirẹ̀ ni yóò bá níta. Àmín. Bí o bá ń wo lẹ́tà yìí tí o ń rò ó pé ọwọ́ ta nìyí, ọwọ́ mi ni. Mo ti wọ kíláàsì àgbàlagbà tí Ganiat ń ṣe fún àwa obìnrin ní Al Karama, ọdún kìíní ni mo wà. Mi ò mọ̀ bóyá àmì tí mo fi sórí àwọn ọ̀rọ̀ yìí tọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí Ganiat máa ń fi bírò pupa gba ojú iṣẹ́ mi já bí ẹni ń ro oko. Ṣùgbọ́n mo ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi kọ èyí. Ẹlòmíràn ló bá mi kọ ti ọjọ́sí, ìwọ náà sì rí ibi tó gbé wa dé.

Ara àbúrò rẹ Lateefat ti le. Ó ti padà sí Deira, ó ń ra ọjà tí wọn yóò fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Èkó, èmi sì ń tọ́jú ọmọ tó bí. Ọmọ ti hu eyín méjì. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù níbí máa ń da omi sí ìta láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo gbé garawa sí abẹ́ rẹ̀, mo sì ń fi omi náà fọ aṣọ ọmọ, Lateefat wá ń pariwo pé mo ń dójú ti òun lójú àwọn aládùúgbò. Mo ní ní Kájọlà tí mo ti wá, ẹni tí omi ń wá bá nílé kì í tijú. Àmúsà ẹ̀gbọ́n bàbá yín ránṣẹ́ pé àwọn ti tún òrùlé ilé wa kàn, ó kí ọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé orí tábìlì nìyí. Lọ́jọ́ Ajé tí o tẹ̀ mí láago, o pariwo débi pé ọmọ jí. O ní mo ti ba ẹjọ́ rẹ jẹ́, o ní ta ló rán mi níṣẹ́, o ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n lé ọ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ ni. Kí n tó ya ẹnu, káàdì fóònù rẹ ti tán. Mo di fóònù náà mú síbẹ̀, mo ń rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ rẹ tó kù ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Kò dé. Èsì mi nìyí.

Bí ẹjọ́ rẹ ṣe yé mi nìyí, bí mo bá ṣì í, kí o tún un ṣe fún mi. O ti lo ọdún méjìlá nílùú Òyìnbó níbẹ̀, o kàwé, o fẹ́ ìyàwó, ẹ bí Àmọ̀kẹ́. Físà tó gbé ọ wọlé wá tán, ìjọba ní kí o padà sí Èkó kí o lọ tò láti ibẹ̀, bóyá àwọn yóò pè ọ́ padà, bóyá àwọn ò ní pè ọ́. Àwọn kóòtù ìlú Òyìnbó náà gbè sẹ́yìn ìjọba. Ni o bá gbé ẹ̀sùn lọ sí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Strasbourg, èyí tó ń pe àwọn ìjọba Yúróòpù léjọ́. Ní oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò ka ìdájọ́ lórí ẹ̀sùn bíi mélòó kan lọ́jọ́ kan náà, tìrẹ sì wà nínú rẹ̀.

O ti ka àwọn ẹ̀sùn yòókù fún mi rí. O ní ẹnì kan fi ìjọba sùn pé àwọn ọlọ́pàá ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ lórí fóònù. Èwo ló burú níbẹ̀? Gbogbo ilé yìí ló gbọ́ ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé, títí kan ará Pakistan tó ń gbé lókè wa. O ní ẹlòmíràn ṣẹjọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kò parí, ló bá gba kóòtù mìíràn lọ láti lọ dúró sí i níbẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta ní tíṣà na ọmọ òun ní pàṣán mẹ́ta. Rasheed, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Odindi ìjọba tó ní ọkọ̀ òfuurufú, tó ní ọkọ̀ ogun, ni wọ́n wọ́ lọ síwájú adájọ́ nítorí pàṣán mẹ́ta! Ká ní ẹ ti mọ kóòtù yẹn nígbà tí ẹ wà níléèwé Kájọlà, tíṣà kan ì bá má kù níta. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí wọ́n má lo gbogbo agbára wọn sórí pàṣán kí wọ́n tó kan ọmọ mi. Mo sì bi ọ́ pé ta ni àgbà wọn níbẹ̀, o ní adájọ́ mẹ́sàn-án ni, ìlú kálukú wọn yàtọ̀. Àwọn tí wọn ò jọ mọ ìyá ara wọn, ta ni yóò fi ojú sọ fún èkejì pé kó ṣàánú rẹ?

Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ọmọ bá bá àgbà fa ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ló jàre, ìyá kò ní jókòó kí ẹjọ́ wá bá a. Yóò lọ kúnlẹ̀ fún àgbà náà láàárọ̀, yóò ní ọmọ òun ló ṣẹ̀, pé olórí kunkun ni, kí wọ́n fojú àánú wò ó. Àgbà náà, bí ojú bá ń tì í, yóò ní kó dìde, yóò ní òun náà kò ṣe é re. Ṣé o rántí ọdún tí ewúrẹ́ Baálẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ wa, tí o lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí o ń ka òfin fún un? Ìwọ lo jàre. Mo lọ kúnlẹ̀, mo ní ìwọ lo jẹ̀bi. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, nígbà tí Iléyá sì dé, ó fi ẹsẹ̀ àgbò kan ránṣẹ́ sí wa. Ta ló gbọ́ pé ó gbé mi lọ sí kóòtù pé mo ti jẹ́wọ́?

Mo dúró kí Lateefat lọ sí Deira, mo pọn ọmọ, mo ní kí Ògúnjọbí tó ń wa lọ́rì fún ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Quoz gbé mi lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba yẹn ní Dubai, nítorí ó gbọ́ Òyìnbó. Wọ́n fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà. Mo rí i pé gbogbo èèyàn ló ní nọ́ńbà lọ́wọ́, inú mi dùn, mo ní áà, ẹ̀bẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n gbọ́. Nígbà tó kàn mí, ọmọkùnrin Òyìnbó kan wà lẹ́yìn gíláàsì. Mo kúnlẹ̀. Káńtà náà sì ga, bí mo ṣe kúnlẹ̀ ni ó wá mi tì, ó rò pé mo ti ṣubú lulẹ̀. Ó sáré yípo bọ́ síta pẹ̀lú omi nínú ife bébà. Ó ní kí n dìde, mo kọ̀. Mo ń sọ ọ́, Ògúnjọbí ń túmọ̀ rẹ̀: ọmọ mi ló ṣẹ̀, láti inú oyún ló ti lágídí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ti kóòtù. Ọmọkùnrin náà lójú àánú, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kọ orúkọ mi, Mùlíkàt, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò tẹ̀ka.

Ó wá ki ìwé náà bọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fáàsì, ẹ̀rọ náà ń fà á mì díẹ̀díẹ̀. Ògúnjọbí ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba nìyẹn, ó ní khalas, Màmá, ó ti parí. Mo gbàdúrà fún ẹ̀rọ náà. Mo délé, mo ń retí pé ìjọba yóò tẹ̀ ọ́ láago nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ìyá rẹ ti wá, kí o máa bá ọmọ rẹ jókòó.

Àṣé ńṣe ni wọ́n gbé ìwé náà lọ síwájú àwọn adájọ́! Wọ́n ní ìyá rẹ alára jẹ́rìí pé ìwọ lo jẹ̀bi. Irú èèyàn wo nìyẹn? Àwọn tó ń rìn káàkiri ayé tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ènìyàn ní ìwà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé kí ni ìyá arúgbó ń wá nílẹ̀? Ewúrẹ́ Baálẹ̀ ì bá mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Lọ́yà tìrẹ náà, ẹ kú oríire rẹ̀. Lateefat ló tú u fún mi pé ó fẹ́ gba ìwé dókítà láti fi hàn pé orí mi kò pé. Sọ fún un pé orí mi pé. Mo gba méje nínú mẹ́wàá nínú àkọtọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí òun náà wá jókòó kí Ganiat dán an wò.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé kíláàsì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé. Ganiat bi Ògúnjọbí tó wá gbé mi lọ sílé pé ṣé ìwé yẹn sọ pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ògúnjọbí họrí, ó ní rárá, ohun tí mo fi ẹnu sọ nìkan ni Òyìnbó kọ. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi, Rasheed. Fáàsì gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ, ó fi ìkúnlẹ̀ mi sílẹ̀ ní Dubai. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkúnlẹ̀ nídìí, bí ẹ̀rí ló ṣe rí lóòótọ́.

Nítorí náà, mo ti lọ sọ́dọ̀ ará India tó ń ya fọ́tò ní Rolla. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ó gbé àga wá, mo tì í sẹ́yìn. Ó gbé òdòdó oníke wá, mo dá a padà. Nígbà tó yá, ó rọra fọwọ́ tọ́ka sí òdìkejì, ó rò pé mo fẹ́ kírun ni, pé mi ò mọ ibi tí à ń kọjú sí. Fọ́tò náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Gbé e fún lọ́yà, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí ìyá Rasheed ṣe wà nìyí nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, pé níbi tó ti wá, ẹni tó bá kúnlẹ̀ báyìí kò jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Mi ò mọ̀ bóyá yóò tó. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú pé ká ní mo jókòó ti ọmọ Lateefat jẹ́jẹ́, bóyá ìwọ àti Àmọ̀kẹ́ ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ìyá ń gbà gbèjà ọmọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè tẹ fọ́tò mẹ́jọ sí i, kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Má fún ìjọba ní ọ̀kan. Wọ́n rí ojúlówó, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ bí ọ yóò jẹ́rìí fún ọ lọ́jọ́ náà. Wọn ò ní lé ọ kúrò lẹ́yìn ọmọ rẹ, Àmọ̀kẹ́ yóò máa pè ọ́, ìwọ yóò sì máa dáhùn. Àmín. Ṣùgbọ́n sọ fún àwọn adájọ́ yẹn o, kí wọ́n má kó fọ́tò mi pamọ́ sínú fáìlì. Tí wọ́n bá ti ka ìdájọ́ tán, kí wọ́n dá ìkúnlẹ̀ mi padà fún mi. Mi ò ní fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùlíkàt.