Omi Aró Tó Mọ́ Gaara

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ẹnu mi ló kó bá mi. Inú ẹrẹ̀ gọ́tà tí Màmá ń da omi aró kàmpálà sí ni mo ti bu bakitéríà, kòkòrò àìfojúrí tí mo fẹ́ kó jẹ aró inú omi náà. Nígbà tí omi aró mọ́ gaara nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé, mo pariwo pé, "Ẹ wò ó, wọ́n ti jẹ aró náà tán!" Ó yẹ kí n dúró de àyẹ̀wò ná.

Láàárọ̀ yìí, Màmá bọ́ síwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí: "Ẹ bá mi yin Olúwa. Uṣẹ́ ọmọ mi rèé o, omi aró ti di omi mímọ́!" Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàtà mi ni mò ń wò.

Àwọ̀ lásán ló lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí bakitéríà bá já aró lè lóró ju aró gan-an lọ, ojú kò sì lè rí i.

Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa, ti ń bu omi náà rin ẹ̀fọ́ wọn. Lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí wọ́n má bu ú mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín pé ìyìn ìjọ ló ń tì mí lójú.

Bí mo bá là á mọ́lẹ̀, mo sọ Màmá di onírọ́ lójú ìjọ. Bí mo bá sì dákẹ́...

Màmá ń pè mí wá jẹun. Tẹ̀tẹ̀ tí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi dúpẹ́ omi náà ni wọ́n sè sí iyán. Màmá ti gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.