Ẹ̀fọn Tó Wọ Bàtà

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdúrà. Ara mi dá ṣáṣá. Ẹ má tíì pè mí lórí fídíò o. Ẹ̀fọn jẹ mí létè, ó sì wú díẹ̀.

Níbi tí a ti ń gé ẹran yìí, tábìlì àwa àjòjì wà lọ́tọ̀, ti àwọn onílùú wà lọ́tọ̀. Lánàá, ọ̀bẹ ọ̀gá wa sọnù. Tábìlì tiwa nìkan ló ti wá a. Ọ̀gá yìí dàgbà tó ẹni tó lè bí mi; bó ṣe tẹjú mọ́ mi, mo bá dorí kodò. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àfojúdi ni kéèyàn wo àgbà lójú.

Ó ní, "Ẹ ò rí olè! Kò lè wò mí lójú. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn."

Ni òun àtàwọn onílùú bá ya bò mí. Màámi, ẹ̀fọn tibí a máa wọ bàtà onírin. Eyín mi méjì bá ẹ̀jẹ̀ ẹran lọ. Bí ọ̀gá ṣe gbẹ́sẹ̀ láti tún gbá mi nípàá, ọ̀bẹ já bọ́ látinú àpò rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti wá bá mi. Kó tó wọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ranjú mọ́ àgbà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbọ́ràn.